Ta Ní Ń Yẹ Àyẹ̀wò Wò?

Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè Pati ní Lọ́kọ́jà, tí ó kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, yóò rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè gbé pàdé. Àwọ̀ omi méjèèjì kò dọ́gba, wọn kì í sì í dàpọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ńṣe ni wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé kan, kí wọ́n tó di ọ̀kan níwájú. Èyí ni àwọn àlejò ń torí rẹ̀ gun òkè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti orí òkè ni kòkòrò kan tí kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, tí ó dúdú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ iké bí ti abuké. Kì í yé sínú omi tí ó dákẹ́. Ibi tí odò bá ti ń sáré lórí àpáta, tí omi ń hó yaya, ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Nígbà tí ó bá sì dàgbà tán, a jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ apẹja, ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin tí ó wá pọnmi. Kantíkantí dúdú ni.

Kì í ṣe jíjẹ rẹ̀ nìkan ni ìyọnu. Aràn kan ń bẹ tí ó ń fi kantíkantí yìí ṣe ẹṣin gùn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Onchocerca volvulus ni àwọn onímọ̀ ń pè é; àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára awọ ènìyàn a máa pe àrùn náà ní ìnárun. Abo aràn yìí a fi kókó abẹ́ awọ ṣe ilé, a sì lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọdún 10 títí dé 15, tí yóò máa bí ọmọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ọmọ aràn wọ̀nyí ni ń rìn kiri lábẹ́ awọ. Ara á máa yún ẹni tí wọ́n wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ojúgun rẹ̀ á ní àbàwọ́n tóótòòtó bí awọ ẹkùn, nígbà tí àwọn ọmọ aràn bá sì kú sínú ẹyinjú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn abúlé etí odò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́, kò ṣàjèjì kí ọmọdé di orí ọ̀pá kan mú níwájú, kí bàbá rẹ̀ àgbà sì di ìdí ọ̀pá náà mú lẹ́yìn.

Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Merck ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò máa fi oògùn Mectizan ta àwọn tí àrùn yìí ń bá jà lọ́rẹ, iye tí wọ́n bá fẹ́, títí di ìgbà tí wọn kò bá fẹ́ ẹ mọ́. Oògùn náà kì í pa ìyá aràn. Àwọn ọmọ ni ó ń pa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lò ó lọ́dún yìí gbọ́dọ̀ tún lò ó lọ́dún tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lò ó títí ìyá aràn yóò fi gbó tí yóò kú. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ìyọnu yìí pọ̀ sí jù lọ ní àgbáyé, ìpínlẹ̀ Kogi sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti pín oògùn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ń yan ẹni tí yóò pín in fún wọn. Olùpín a gbé ọ̀pá ìwọ̀n dání láti ilé dé ilé, olúkúlùkù a dúró tì í, iye oògùn tí ó tọ́ sí i a sì hàn lára ọ̀pá. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í gba owó oṣù, ìyìn tí wọ́n sì ń fún un kéré sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni kí wọ́n dáwọ́ dúró? Ìbéèrè yìí rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè dúró nígbà tí ìyá aràn ṣì ṣẹ́kù lára àwọn ènìyàn, kantíkantí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn kiri, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí lọ́dún tí wọ́n dáwọ́ dúró sì lè pàdánù ojú rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Bí wọn kò bá sì dúró nígbà tí àrùn ti tán, wọn yóò máa fún ará ìlú ní oògùn àìsàn tí kò sí, owó tí ó yẹ kí ó lọ sí ibòmíràn yóò máa bá a lọ, oògùn yóò sì sú àwọn ènìyàn dé ibi pé wọn kò ní gba èyí tí ó tún kàn. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí wọn kò tí ì pé ọdún 10 wò, wọn yóò sì mú kantíkantí, ó kéré tán 6,000, láti mọ̀ bóyá aràn wà nínú orí wọn. Èyí tí ó gbé aràn tí ó ti tó ran ènìyàn kò gbọdọ̀ tó 1 nínú 2,000. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tó kókó tí ènìyàn lè kọ lọ́tọ̀. Ti kantíkantí ni ó kàn níhìn-ín.

Mímú kantíkantí kì í ṣe eré. Ẹni tí ń mú un a jókòó sí etí odò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ká ṣòkòtò sókè, a na ẹsẹ̀ síwájú, a sì mú ike kékeré kan lọ́wọ́. Èyí tí ó bá bà lé ojúgun rẹ̀ ni yóò dé ike mọ́ kí ó tó jẹ ẹ́. Ẹni méjì ni ń pín iṣẹ́ náà ṣe, kí ọ̀kan lè sinmi. Ara ènìyàn ni ìjẹ tí wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, kantíkantí á wọnú sípíríìtì, wọn á fi orúkọ odò, ọjọ́ àti wákàtí sí ìgò, ìgò á sì gbéra lọ sí ilé àyẹ̀wò tí ó lè wà ní ìlú mìíràn tàbí ní òkè òkun. Pẹ́ńsùlù ni ó yẹ kí wọ́n fi kọ orúkọ náà, nítorí pé sípíríìtì a máa fọ ínkì dànù. Bí orúkọ bá sì parẹ́, kantíkantí Kogi lè di ti ibòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá sì rántí bí omi ṣe ya bo Lọ́kọ́jà ní ọdún 2012, tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, tí ọkọ̀ kò lè lọ tí wọn kò lè bọ̀, yóò mọ̀ pé ìrìn àjò ìgò náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ní ilé àyẹ̀wò, wọn yóò já orí kantíkantí kúrò lára wọn, nítorí pé orí ni aràn tí ó ti tó ranni máa ń sá pamọ́ sí. Wọn yóò kó orí pọ̀ sínú ike, bóyá 100 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò lọ̀ wọ́n, wọn yóò sì wá DNA aràn nínú wọn. DNA ni àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Nínú àkọsílẹ̀ ti aràn yìí, gbólóhùn kan wà tí ó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 150, tí ó sì ń padà wá lemọ́lemọ́ bí ègbè orin. O-150 ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n sì ń wá. Ní ọdún 1995 ni Katholi, Toé, Merriweather àti Unnasch kọ̀wé tí ó fi hàn bí wọ́n ṣe lè gba ọ̀nà yìí yẹ ọ̀pọ̀ kantíkantí wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Laurent Toé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú wọn ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún púpọ̀ ní Burkina Faso, kò jìnnà sí wa. PCR ni orúkọ ọgbọ́n tí ń bẹ nídìí rẹ̀, èyí tí Kary Mullis hùmọ̀ ní 1983 tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 1993. Ẹ̀rọ a sọ ègbè kan di méjì, a sọ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 30, tí ohunkóhun kò dí i lọ́wọ́, ẹyọ kan á ti di 1,073,741,824. Agbára rẹ̀ nìyí, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ sì wà.

Ẹni tí ń wá aràn yìí ní àtijọ́ a gé awọ bíńtín láti ìbàdí ènìyàn, a fi í sínú omi iyọ̀, a sì wò ó lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí ọmọ aràn bá wà, yóò rí i bí ó ti ń yí bírí-bírí nínú omi. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ojú ni òun náà fi ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe PCR kò rí aràn kankan. Omi tí ó mọ́ ni ó tú sínú ike, omi tí ó mọ́ ni ó sì bá níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí. Ẹ̀rọ ni ó sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ kò parọ́?

Ohun tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àyẹ̀wò tí ó ti bàjẹ́ kì í kígbe. Bí iná ọba bá lọ láàárín òru, tí epo kò sí nínú jẹnẹrétọ̀, yìnyín inú fírísà á yọ́. Èròjà tí ń sọ ègbè di púpọ̀ lè kú sínú ike rẹ̀ láìyí àwọ̀ padà. Iná á dé lówùúrọ̀, ohun gbogbo á tún dì, òṣìṣẹ́ á sì bá a bí ó ti fi í sílẹ̀ lánàá. Yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, kò ní fo ìgbésẹ̀ kankan. Ẹ̀rọ á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, láti orí ike kìíní títí dé ìkẹyìn. Ta ni kò ní yọ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìjọba ń retí, òun ni àwọn tí ń náwó sí i ń retí, òun ni ará ìlú tí oògùn ti sú ń retí pẹ̀lú. Àṣé òkú ni ó ń dáhùn, òkú kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ó ti ẹnu ohun tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni jáde kì í ṣe ìdáhùn.

Nítorí ìdí èyí ni iṣẹ́ náà kò fi gbọdọ̀ lọ láìsí ẹlẹ́rìí. Nínú àwọn ike tí ó wọ ẹ̀rọ, ọ̀kan gbọdọ̀ wà tí wọ́n mọ̀ dájú pé DNA aràn wà nínú rẹ̀. Bí ike yìí bá dákẹ́, kí wọ́n má ṣe gba ohun tí àwọn yòókù sọ gbọ́. Ó sì yẹ kí DNA inú rẹ̀ kéré gan-an, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ti di arọ pàápàá lè rí erin. Èèrà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran. Òmíràn gbọdọ̀ wà tí kò ní ohunkóhun nínú ju omi lọ, tí yóò bá àwọn tòótọ́ rin gbogbo ọ̀nà láti ìgbà lílọ̀ títí dé òpin. Òun náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ara kòkòrò àti ẹ̀jẹ̀ ní ohun tí ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́, ìgbẹ́ ènìyàn tí wọ́n ti ń wá aràn inú ní i pẹ̀lú, nítorí náà ike kan lè dákẹ́ nígbà tí àwọn tí ó yí i ká ń sọ̀rọ̀. Ní Netherlands, àwọn tí ń wá aràn inú ìgbẹ́ a máa fi díẹ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì ẹranko òkun kan tí ń jẹ́ seal sínú ike kọ̀ọ̀kan. Ẹranko yìí ń gbé inú omi tútù ilẹ̀ Yúróòpù. Kò sí ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè fi ti ara ọmọ ènìyàn wá. Bí ẹ̀rọ kò bá rí ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, ta ni yóò gbà pé ó lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀? Ẹni tí ó ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọlé yóò tètè lóye gbogbo èyí: kì í ṣe gàrí ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó wò, kóńgò ni.

Irọ́ kejì ni ti bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ó di bílíọ̀nù kan nínú ike kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fò. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣí ike náà, ìkán tí ojú kò lè rí a bà lé ìbọ̀wọ́, a bà lé tábìlì, a bà lé ẹ̀wù funfun tí ó wọ̀, yóò sì wọnú iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí ilé àyẹ̀wò tí ó mọṣẹ́ fi ń ní yàrá mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹni tí ó bá ti wọ yàrá ìkẹyìn kì í fi ẹ̀wù kan náà padà sí ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí èyí, aràn kan wà lára màlúù tí ń jẹ́ Onchocerca ochengi, ìbátan tímọ́tímọ́ ti ènìyàn ni, irú kantíkantí kan náà ni ó sì ń gbé e. Ègbè O-150 wà nínú àwọn méjèèjì. Ní ilẹ̀ bíi ti Kogi tí agbo màlúù ń gba etí odò kọjá, bẹ́ẹ̀ ni tí ó ti ẹnu ẹ̀rọ jáde lè jẹ́ ti màlúù, àfi bí wọ́n bá tún ṣe àyẹ̀wò mìíràn tí yóò pààlà láàárín wọn. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Kí òǹkàwé ṣírò rẹ̀ wò. 6,000 kantíkantí ní 100-100 yóò di ike 60. Bí gbogbo ike 60 bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò àwọn onímọ̀ yóò gbà pé iye tí ó lè ranni kò kọjá 1 nínú 2,000. Bí ẹyọ kan péré nínú 60 bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìdájọ́ lè yí padà pátápátá. Ìkán kan tí ó fò láti orí tábìlì lè so àgbègbè kan mọ́ oògùn fún ọdún mìíràn. Ike kan tí ó dákẹ́ nígbà tí kò yẹ lè ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn.

Kò sì tó kí ilé àyẹ̀wò máa yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn baba ńlá mọ èyí ṣáájú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo kì í sọ ohun tí ó bá wá fún un. Owó ni yóò mú, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, yóò sì gbé e kalẹ̀. Babaláwo tí kò gbọ́ ohun tí ó sọ ni yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí ìbò yóò sì tún wá jẹ́rìí sí ohun tí Ifá wí. Àwọn olùkọ́ náà ní tiwọn: olùdánwò a máa ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá láti tún ìwé tí wọ́n ti máàkì wò, kò sì sí olùkọ́ gidi tí ń torí rẹ̀ bínú. Bákan náà ni àwọn ará Netherlands dá ètò kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ HEMQAS, lábẹ́ àjọ SKML, fún àwọn ilé àyẹ̀wò tí ń fi DNA wá aràn inú àti aràn àtọ̀sí ajá. Ìgò á dé láti ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà nìkan lára. Ẹni tí ó gbà á kò mọ èyí tí aràn wà nínú rẹ̀ àti èyí tí kò sí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 lórí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ náà sọ̀rọ̀ nípa ilé àyẹ̀wò 15 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìdáhùn wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n gbójú lé iṣẹ́ wọn ni wọ́n gbà láti kópa. Ti àwọn tí kò tí ì sí ẹni tí ó fi ìgò ránṣẹ́ sí wọn rí ni ó yẹ kí ó máa kọ ènìyàn lóminú.

Síbẹ̀, ìlànà lórí ìwé kì í di fírísà mú, kì í sì í ra epo. Kí òǹkàwé fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti parí, ọ̀gá rẹ̀ ti ń béèrè èsì láti òwúrọ̀. Ó yí ojú sí ẹ̀rọ, ó rí i pé gbogbo ike dákẹ́ bí wọ́n ti fẹ́, àfi ike omi lásán, ẹlẹ́rìí tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí ohùn rẹ̀ sì kéré bí ohùn ẹ̀fọn. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Bí ó bá pa àkọsílẹ̀ ike kan yìí rẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ó bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, yóò da èròjà olówó iyebíye nù, yóò fọ tábìlì, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí lílọ̀, yóò sì gbọ́ èébú ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá tí ó bá ń bú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn yòókù ní irọ́ pípa. Ilé-iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò kan tí ó kùnà láti ọdún dé ọdún kò yẹ ní ìgbóríyìn fún. Ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí àwọn alábẹ̀wò kọ́kọ́ ṣí.

Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ní ọdún 2018 ni wọ́n dáwọ́ pípín Mectizan fún àrùn yìí dúró ní ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti tó àkókò, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ìpínlẹ̀ Nasarawa kò jìnnà sí Kogi. Odò Bẹ́núè wà láàárín wọn ní apá kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè Niger ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, òun ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Odò Ọya kan náà ni ó gba ilẹ̀ wọn kọjá kí ó tó dé Lọ́kọ́jà. Ṣùgbọ́n kantíkantí kì í ka ààlà sí, afẹ́fẹ́ lè gbé e rin ọ̀pọ̀ kìlómítà. Nítorí náà ni ìlànà fi sọ pé, lẹ́yìn tí oògùn bá ti dúró ní ibikíbi, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ ibẹ̀ fún ọdún 3 sí 5. Ẹni méjì yóò tún padà sí etí odò, wọn yóò ká ṣòkòtò sókè, wọn yóò na ẹsẹ̀ síwájú, wọn yóò sì tún ka kantíkantí 6,000 láti orí ọ̀kan.